Ọ́ìlì Tí Ó Yẹ Ọkọ̀ Onítọ́bò

 

Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé ojú ewé tí a ti máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìrun, ààwẹ̀, ọmọ títọ́ àti ìgbé ayé tọkọtaya ni mo fẹ́ ti sọ̀rọ̀ ọ́ìlì mọ́tò lónìí. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu. Ní ayé àtijọ́, bàbá ilé nìkan ni ó ń mọ ohun tí mọ́tò ń jẹ àti ohun tí ó ń mu. Lóde òní, àwọn ìyá ni ó ń fi mọ́tò gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn ni ó ń fi kó ọjà, àwọn náà ni ó sì ń wà á wá sí àsálátù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ohun tí ènìyàn bá fi owó halali rà, tí ó sì ń gbé ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, àmáánà ni lọ́wọ́ rẹ̀. A óò bi í léèrè bí ó ti tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí n óò sọ. Bí ọkọ̀ yín bá ní tọ́bò, kì í ṣe ẹnu mẹkáníìkì, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà, kì í sì í ṣe iye owó ni ẹ ó fi mọ ọ́ìlì tí ó yẹ é. Nọ́mbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà kọ sínú ìwé rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Kí ni à ń pè ní tọ́bò?

Bí epo bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, èéfín gbígbóná a gba sálẹ́ńsà jáde lọ. Ní ọdún 1905, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alfred Büchi gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n kan, pé kí a má ṣe jẹ́ kí agbára èéfín yẹn ṣòfò. Kí ó yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, kí abẹ̀bẹ̀ yẹn sì yí èkejì rẹ̀, tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, a lè sun epo púpọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì kékeré a sì ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá. Ní 1962 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún tonílé tàlejò, èyíinì ni Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair.

Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó so abẹ̀bẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti àwọn mìíràn a máa kọjá 200,000. Èéfín tí ń fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹtiróòlù lè gbóná tó 900 dígírì Celsius, bẹ́ẹ̀ omi tí ẹ̀yin ìyá fi ń rokà, ní 100 ni ó ti ń hó. Kí ni ó wá wà láàrin irin àti irin tí wọn kò fi lọ ara wọn kúnná? Ọ́ìlì ni. Ọ́ìlì tí ó tẹ́ sí àárín wọn tín-ín-rín ju irun orí lọ. Òun ni ó ń gbé ọ̀pá náà léfòó, òun náà ni ó ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀, tàbí tí ó bá jó di èédú sí ojú ihò tóóró tí ó ń gbà kọjá, tọ́bò yóò kú.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ. Wọn óò ní, “Ṣé Peugeot 504 tí a fi jẹ ayé, ta ni ó ka nọ́mbà fún un? 20W-50 ni à ń dà sí i, ó sì gbé wa lọ, ó gbé wa bọ̀.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, ọkọ̀ alágbára ni, ó sì mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn 504 pẹtiróòlù tí à ń wí yẹn kò ní tọ́bò. Bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ bàbá mu, kì í ṣe dandan kí ó bá ti ọmọ mu.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ń wọlé nísinsìnyí ni ó ní tọ́bò. Volkswagen tí a kọ TSI tàbí TDI sí lẹ́yìn ní i. Ford tí a kọ EcoBoost sí, Hyundai àti Kia tí a kọ T-GDI sí, Honda CR-V tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.5, àti Hilux onídísẹ́lì ti òde òní, gbogbo wọn ni ó ní i. Ọ̀pọ̀ Mercedes tuntun ní i tí a kò sì kọ ohunkóhun sí wọn lára. Èyí tí a kọ Kompressor sí yàtọ̀ díẹ̀: òun náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni ó ń yí i, kì í ṣe èéfín.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan

Ìyá kan wà nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsálátù wa, oníṣòwò aṣọ ni. Ó ra Passat tòkunbọ̀ kan tí ó mọ́ roro, a sì bá a ṣe àdúrà alùbáríkà sí i níwájú mọ́sáláṣí. Mẹkáníìkì rẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, iṣẹ́ 504 àti Camry àtijọ́ ni ó sì fi dàgbà. Ọ́ìlì tí ó ti ń dà sí mọ́tò gbogbo ènìyàn náà ni ó dà sí ti ìyá yìí. Nígbà tí ó ṣe, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè bí ó bá ń gun òkè, èéfín tí àwọ̀ rẹ̀ jọ omi aró sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, èédú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà dé tọ́bò pátápátá. Owó tí ó yẹ kí ó fi kó ọjà Iléyá ni ó fi ra tọ́bò mìíràn. Odindi oṣù méjì ni ó fi ń gbé ẹrù aṣọ lórí ọ̀kadà.

N kò lè búra pé ọ́ìlì nìkan ni ó pa á, nítorí tòkunbọ̀ ni, a kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí àpótí iwájú ọkọ̀ náà, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀ ní èdè Jámánì, nọ́mbà ọ́ìlì rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ kedere. Kò sí ẹni tí ó ṣí i wò rí. Ẹ̀yin ará mi, nọ́mbà kò ní èdè. 5W-40 ní Jámánì, 5W-40 náà ni ní Òṣogbo.

Bí a ti ń ka ara ike ọ́ìlì

Nǹkan mẹ́ta ni ó wà lára ike tí ẹ gbọ́dọ̀ fi wé ohun tí ìwé ọkọ̀ yín sọ.

Èkínní ni bí ọ́ìlì náà ti nípọn tó. Bí a bá kọ 5W-30, lẹ́tà W yẹn dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Nọ́mbà tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì náà ti ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ó bá ti kéré tó ni ọ́ìlì náà ń yára dé gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó dé nígbà tí òtútù bá mú. Nọ́mbà ti ẹ̀yìn ń sọ bí ó ti nípọn tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100 dígírì. Àwọn kan a máa ní nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná, kí a kàn máa da èyí tí ó nípọn jù lọ. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá to ọ́ìlì fún ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbóná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ gbígbóná. Bí ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, ẹyọ náà ni kí ẹ dà.

Èkejì ni lẹ́tà ẹgbẹ́ àwọn elépo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, API, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919. Fún ọkọ̀ pẹtiróòlù, lẹ́tà S ni ó ń ṣáájú, èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó sì ń fi ọjọ́ orí òṣùwọ̀n náà hàn: bí ó bá ti ń lọ síwájú nínú álífábẹ́ẹ̀tì ni ó ń jẹ́ tuntun. Bí ẹ bá rí SF lára ike, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọlọ́jà. API fúnra wọn ní kò yẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pẹtiróòlù tí a ṣe lẹ́yìn 1988. SN jáde ní 2010, SP ní 2020, SQ ní 2025.

Ìdí pàtàkì kan wà tí àwọn lẹ́tà tuntun yìí fi kan onítọ́bò. Àrùn kan ń ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré onítọ́bò tí ń tú epo tààrà sí orí písítìn. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn gidigidi nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́, epo lè gbiná kí pílọ́ọ̀gì tó ṣáná, èyí sì lè fọ́ písítìn. Àwọn onímọ̀ rí i pé èròjà inú ọ́ìlì lè dá kún un, ó sì lè dẹ́kun rẹ̀. Nítorí náà ni API fi ìdánwò rẹ̀ kún òṣùwọ̀n, bẹ̀rẹ̀ láti orí SN PLUS ní 2018. Ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ní kí ó lo SP, kí ó má ṣe gba SL nítorí pé owó rẹ̀ rọ̀jú.

Ẹ̀kẹta ni nọ́mbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Volkswagen ní VW 502 00, 504 00 àti 508 00. Mercedes ní MB 229.5 àti 229.51. BMW ní Longlife-01 àti Longlife-04. Ford a máa kọ WSS-M2C pẹ̀lú nọ́mbà tí ó tẹ̀lé e, General Motors a sì máa kọ dexos1. Ọ́ìlì méjì lè jẹ́ 5W-30 kí wọ́n má sì jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ti ń di ara rẹ̀ mú ní 150 dígírì, nígbà tí irin bá ń fún un mọ́lẹ̀ kíkankíkan. Òṣùwọ̀n C3 ti ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ohun tí kò bá tó 3.5, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà àti Japan fún 30 gba 2.9. Ẹni tí ó bá wo 5W-30 nìkan kò lè mọ èyí tí òun rà.

Bákan náà, ẹ má ṣe rò pé èyí tí ó jẹ́ tuntun jù lọ ni ó dára fún gbogbo ọkọ̀. VW 508 00 tinrin púpọ̀, wọ́n tilẹ̀ pa á láró sí àwọ̀ ewé kí ènìyàn má bàa ṣì í dà. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ bá dárúkọ rẹ̀ nìkan ni ó wà fún. Ọkọ̀ dísẹ́lì tí ó ní asẹ́ nínú sálẹ́ńsà náà sì ní ọ́ìlì tirẹ̀ tí eérú rẹ̀ kò pọ̀, bíi VW 507 00 tàbí MB 229.51. Bí a bá da òmíràn sí i, asẹ́ náà yóò tètè dí.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Bí a bá kọ Approval tàbí Approved síwájú nọ́mbà ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ó túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ náà ti yẹ ọ́ìlì yẹn wò, ó sì ti fọwọ́ sí i. Bí a bá kọ Meets tàbí Suitable for, ẹni tí ó ṣe ọ́ìlì ni ó ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n èwo nínú wa ni a óò pè lọ síwájú adájọ́, tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀? Bí ẹ bá rí èyí tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, òun ni kí ẹ rà.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sí i: bí ọ́ìlì náà ti nípọn tó, lẹ́tà API bí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ rẹ̀, nọ́mbà ilé iṣẹ́ ọkọ̀, àti iye lítà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà. Ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì yín. Bí ìwé ọkọ̀ bá ti sọnù, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ a máa gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ yín tí ó mọ̀ ọ́n lò bá yín wá a pẹ̀lú irú ọkọ̀ náà, ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ẹ bá dé Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Gate ní Ìbàdàn, ẹ má ṣe sọ pé, “Fún mi ní ọ́ìlì tí ó dára.” Ìwé yẹn ni kí ẹ nà sí i. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí òun fẹ́ béèrè, ibi tí a bá tì í sí ni yóò lọ.

Ẹ wo ojú ìdérí bóyá èdìdì rẹ̀ kò tíì já. Ẹ ra á fúnra yín, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ títí wọn óò fi dà á tán. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí wọ́n pààrọ̀ fílítà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí a kì í wẹ̀ tán kí a tún wọ aṣọ ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gba ike òfìfo náà, kí ẹ dá a lu, kí ẹ tó jù ú nù. Àwọn oníjìbìtì ń wá irú ike bẹ́ẹ̀ kiri láti rọ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n sẹ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì tún tà á gẹ́gẹ́ bí tuntun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ ike náà láti fi rọ epo pupa tàbí òróró jíjẹ.

Ẹ máa wo géèjì ọ́ìlì lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ó wà láàrin àmì méjèèjì. Àkúnjù náà léwu. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan kò ní géèjì yìí, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń fi í hàn. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ dúdú nìkan dá ọ́ìlì lẹ́bi, nítorí ọ́ìlì tí ń fọ inú ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe kí ó má dúdú. Iye kìlómítà àti iye oṣù ni kí ẹ máa kà. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ni ó ya ìlò líle sọ́tọ̀, tí wọ́n sì dín kìlómítà rẹ̀ kù: eruku, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti ìrìn kúkúrú lemọ́lemọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlò tiwa gan-an nìyẹn.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i láàárọ̀, ẹ má ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì sáré láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹ má ṣe pa á lójijì bí ẹ ti ń dúró. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ọ́ìlì lè gbé ooru kúrò lára tọ́bò. Ẹ fi àkókò náà ṣe ọpẹ́ pé ẹ dé láyọ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tí ń ta ọ́ìlì

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ìyàwó yín ń ka ìwé yìí sí létí. Nínú Àlùkùránì, Sura kẹtalélọ́gọ́rin ni à ń pè ní Mutafifina. Àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ni a fi dárúkọ rẹ̀. Òṣùwọ̀n kì í ṣe ti àgbàdo àti gàrí nìkan. Ẹni tí ó gba owó 229.5, tí ó wá da ohun tí kò mọ orílẹ̀ rẹ̀ sí ọkọ̀ opó, ó ti dín òṣùwọ̀n kù. Ẹni tí kò sì mọ ọkọ̀ onítọ́bò, kò sí ìtìjú nínú kí ó sọ pé, “Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a ka ìwé rẹ̀ ná.” Irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un láìṣe àríyànjiyàn.

Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá fún ìyàwó yín ní owó ọ́ìlì, ẹ béèrè iye tí ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ jẹ́ kí ẹ tó ka owó náà. Ẹ má ṣe fún un ní ààbọ̀, kí ẹ wá máa bínú sí i lọ́jọ́ tí mọ́tò bá dákú. Ẹ̀yin ìyá, bí owó kò bá tíì pé, ó sàn kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò fún ọjọ́ mélòó kan ju kí ẹ da ohun tí kò yẹ sí i lọ.

A máa ń ṣe àdúrà kí a tó wọ ọkọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbé àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí àpótí iwájú ọkọ̀ yín, kí ẹ wá ìwé yẹn. Ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ma salam.